OLÙKỌ́ TÍ Ó Ń ṢE ÌWÁDÌÍ KÍLÁÀSÌ ARA RẸ̀

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí kan àwọn tí ń kọ́ ọmọ kékeré, yálà ní ilé-kéwú tàbí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ni ẹ ń ran àlùfáà yín lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn mìíràn sì ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ìwádìí tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe nínú kíláàsì rẹ̀, lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ní yunifásítì, action research ni wọ́n pè é fún wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé ohun tí a ó kọ sínú ìdánwò kí á sì gbàgbé ni. Mo sì gbàgbé rẹ̀ lóòótọ́, títí di ọjọ́ tí ìyá ọmọ kan wá bá mi ní Ìjọra pé òun fẹ́ mú ọmọ òun kúrò ní kéwú.

Ẹni tí ó bá mọ Ìjọra mọ̀ pé ọjà ẹja inú yìnyín pọ̀ níbẹ̀. Láti ìdájí ni àwọn ìyá ti ń lọ sí ìdí kóòdù-rúùmù láti ra páálí ẹja. Aago méjì ọ̀sán ni kéwú tiwa máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti dé láti ilé-ìwé. Ọmọ tí mo ń wí yìí, ọmọ bí ọdún mẹ́jọ, a kọ́kọ́ dúró ti ìyá rẹ̀ ní ìdí igbá, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí kì í pẹ́ dé. Kí ó tó dé, a ó ti ka alif dé yaa tán. Mo ń nà án nítorí pé ó pẹ́, mo sì tún ń nà án nítorí pé kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kà á láìkọsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé orí ọmọ náà kò gbé kéwú.

Ìyá náà wá gbà mí gbọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àlùfáà, ẹ ṣeun, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kó kúkú máa bá mi gbé páálí." Àyà mi já. Mo ní, "Ẹ dìde, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní oṣù kan sí i." Òru ọjọ́ yẹn ni mo wá ìwé yunifásítì mi jáde.

Kurt Lewin ni a sábà máa ń dárúkọ pé ó fi orúkọ yìí sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó kọ ní 1946. Júù ni, ó kúrò ní Jámánì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1933 nígbà tí Hitler gorí oyè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni ó ń sọ. Àárín ẹ̀yà kan àti ẹ̀yà kejì tí kò gún ni ó ń wá ojútùú sí. Ní 1953, Stephen Corey ti Teachers College ní New York kọ ìwé tí ó gbé ọ̀nà náà wọ inú ilé-ìwé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lawrence Stenhouse fi ìwé rẹ̀ ti 1975 rọ àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n má jókòó de àwọn ará yunifásítì kí wọ́n tó yẹ iṣẹ́ ara wọn wò.

Bí wọ́n ti ń ṣe é kò le. Ẹ wo télọ̀. A wọn ara oníbàárà, a gán aṣọ, a ní kí ó wọ̀ ọ́ wò. Ibi tí ó bá fún, a tú u, a tún un rán, a tún ní kí ó wọ̀ ọ́ wò. Olùkọ́ náà yóò mú ohun kan tí ń dà á láàmú, yóò kọ́kọ́ wò ó dáadáa kí ó tó fọwọ́ kàn án, yóò yí nǹkan kan padà, yóò kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, yóò ronú sí i, yóò tún bẹ̀rẹ̀. N kò tí ì rí télọ̀ tí ó na oníbàárà nítorí pé aṣọ fún un lọ́rùn. Àwa olùkọ́ nìkan ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa Mùsùlùmí sì ti mọ nǹkan tí ó jọ ọ́ tẹ́lẹ̀: muhaasaba, kí ènìyàn máa ṣírò iṣẹ́ ara rẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò rẹ̀ fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun lásán ni. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè lónìí, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Àjọ Ford ti Amẹ́ríkà ni ó fi owó ràn án lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ni ó ṣáájú rẹ̀, Mùsùlùmí ọmọ Èkó tí ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, tí ó sì kú ní 2010, kí Ọlọ́hun forí jìn ín. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mìíràn ṣe é bí ìjọba ti ń ṣe é: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta tí ó kù. Kò sí ìwé ìṣírò tàbí ti sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá tí ó tó lò, nítorí náà wọ́n ní láti jókòó kọ ọ́, kí wọ́n sì wá orúkọ fún ohun tí kò ní orúkọ. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ títí dé òpin ṣe dáadáa ju ìkejì lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn òbí ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìwé tí ó ròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 1989.

Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, iṣẹ́ yunifásítì àti owó. Ìbéèrè rẹ̀ ti òkè wá. Ìbéèrè tèmi ti orí ẹní wá, owó ìwé kékeré kan àti bírò kan ni ó sì ná mi.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, n kò yí nǹkan kan padà. Mo kàn ń kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ lójoojúmọ́: ta ni mo bi ní ìbéèrè, ta ni ó pẹ́ dé, ta ni mo nà àti nítorí kí ni. Ọmọ 38 ni ó wà ní kíláàsì mi. Nígbà tí ó di ọjọ́ karùn-ún, mo rí i pé àwọn ọmọ mẹ́jọ kan náà, tí wọ́n jókòó síwájú, ni mo ń bi léèrè ṣáá. Àwọn kan wà ní ẹ̀yìn tí n kò pe orúkọ wọn rí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, àfi ìgbà tí mo fẹ́ nà wọ́n. Ẹ gbà mí gbọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, n ó bá a jà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gé páálí ẹja sí wẹ́wẹ́ (òórùn rẹ̀ kò tán lára mi fún ọjọ́ mẹ́ta), mo kọ hárúfù mẹ́wàá sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú kan, mo dà wọ́n pọ̀ bí ayò. Mo ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń fi wọ́n hàn án. Nínú ọmọ 38, àwọn 31 lè ka alif dé yaa lórin láìṣì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dà á rú, àwọn méje péré ni ó mọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Àwọn yòókù ń wo ojú mi. Àwọn kan ń fi ẹnu kùn ún láti alif, wọ́n ń fi ìka ka á títí wọn yóò fi dé ibi tí wọ́n rò pé ó wà. Baa, taa àti thaa, tí ó jẹ́ pé àmì tó-tò-tó nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀kan náà ni lójú wọn. Orin ni mo ti ń kọ́ wọn, mo sì ń pè é ní kíkà.

Ọmọ ẹlẹ́ja wá ńkọ́? Ó mọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Daad nìkan ni ó pè ní saad. Mo tún dà á pọ̀, mo tún bi í, bákan náà ni. Mo ní, "Ta ni ó kọ́ ọ?" Ó wo ẹgba tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí ó tó dáhùn. Ó ní, "Ustaz, ó wà lára ọkọ̀." Àwọn ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ dánfó ni ó ń sọ, àti èyí tí wọ́n kọ sára ògiri mọ́sálásí lójú ọ̀nà. Ó ń wò wọ́n bí ó ti ń bọ̀, bí ó bá sì dé ilé ní alẹ́, ó ń fi wé ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nítorí pé kì í bá wa kọ orin náà, ojú ni ó fi kọ́ ọ. Ọmọ tí mo ní orí rẹ̀ kò gbé kéwú nìyẹn. Mo lọ sí ìdí ẹja ní ọjọ́ kejì, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Nígbà náà ni mo yí nǹkan padà. Mo ń fi hárúfù hàn wọ́n ní ìdàrúdàpọ̀ lójoojúmọ́. Mo kọ orúkọ gbogbo wọn sára páálí, mo ń ti inú agolo mú un, orúkọ tí ó bá jáde ni ó dáhùn. Mo gbé ẹgba sínú àpótí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn 24 ni ó mọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe: ọjọ́ kan náà ni mo bẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá bi mí pé èwo nínú wọn ni ó ṣiṣẹ́, n kò lè búra. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ohun kan ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan.

Àlùfáà àgbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò fẹ́ràn ti ẹgba rárá. Wọ́n ní ẹgba ni wọ́n fi kọ́ àwa náà, a sì mọ̀ ọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa tí ó mọ̀ ọ́n ni a ṣì wà níbí tí a ń jẹ́rìí. Àwọn tí ó sá lọ kò sí níbí kí a bi wọ́n." Mo tún rán wọn létí Ibn Khaldun, tí ó kọ Muqaddima rẹ̀ ní 1377, pé ó ka líle mọ́ ọmọdé sí ohun tí ń sọ ọmọ di òpùrọ́ àti alárékérekè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò gbà. Síbẹ̀ wọ́n gbà láti jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì mi ní ọ̀sán ọjọ́ méjì kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí mo bi ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn. Iye tí wọ́n kà kéré sí èyí tí èmi kọ sínú ìwé mi. Nítorí náà, ẹ wá ojú ẹlòmíràn mọ́ tiyín, pàápàá ojú ẹni tí kò bá yín gbà.

Ẹ sọ fún ọ̀gá ilé-kéwú àti àwọn òbí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ka orúkọ ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n sétí àwọn yòókù. Ohun tí ẹ bá sì rí ní kíláàsì yín, ti kíláàsì yín ni. Ó lè máà rí bẹ́ẹ̀ ní Mùṣin tàbí ní Yábàá.

Ìbéèrè tí ó wà nínú ìwé mi báyìí ni ti pípẹ́ dé. Láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo ti gbé kíka àpapọ̀ sí ìparí, lẹ́yìn Asr, kí àwọn ọmọ ọjà lè bá a. Ohun kan ṣoṣo yìí ni mo yí padà. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, méje ni ó pẹ́, wọ́n sì bá wa ka á; ní Túsìdeè, mẹ́sàn-án. Ọmọ ẹlẹ́ja ṣì ń pe daad ní saad.