Ìjì Líle àti Ìjì-Ayípo-Òkun

'Ìjì líle' ni ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ń pe họ́rikéènì. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí kan náà ni ará Baruwa ń pe ìjì tí ń ti ìlà-oòrùn wá ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tí ń ṣí páánù, tí kì í sì í pẹ́ kọjá. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Florida lè gbọ́ ọ nínú ìròyìn kí ó rò pé ọ̀rọ̀ páánù lásán ni. Orí òkun gbígbóná ni họ́rikéènì ti ń dìde. Eré afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í dín ní kìlómítà 119 ní wákàtí kan. Kì í jà ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ìgbì afẹ́fẹ́ tí ń bí púpọ̀ nínú wọn, Áfíríkà níhìn-ín ni ó ti ń gbéra. 'Ààjà' bá yíyípo rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ààjà kéré, ìtumọ̀ ti ẹ̀mí sì rọ̀ mọ́ ọn. 'Ìjì-ayípo-òkun' sàn jù. 'Ojú ìjì' ni kí a pe àárín rẹ̀ tí ó pa rọ́rọ́.