Mọ Inú Ara Rẹ Kí O Tó Gbé Oògùn Mì

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni. Àwa obìnrin mọ iye tí wọ́n ń ta aṣọ tuntun tó wọ ọjà, a mọ irun tó ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí dókítà bá ní ká fọwọ́ kan ibi tí kíndìnrín wa wà, ìdodo ni ọ̀pọ̀ wa máa na ọwọ́ sí. Kì í ṣe pé a ò gbọ́n. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé ni kò dáa: àwòrán kan lára ògiri, a kọ́ ọ sórí nítorí ìdánwò, nígbà tí ìdánwò parí, ó parí náà nìyẹn.

Ìwọ má rẹ́rìn-ín mi, ọ̀dọ̀ alápatà ni mo fẹ́ kó o ti bẹ̀rẹ̀. O ti ń fọ ẹran inú láti kékeré, o ti mọ púpọ̀ láìmọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Fùkù tó máa ń léfòó nínú ìkòkò, tó o máa ń fi ṣíbí tẹ̀ rì tí kì í gbà, ẹ̀dọ̀fóró màlúù ni. Atẹ́gùn tó há sínú àìmọye àpò tíntìntín inú rẹ̀ ló ń gbé e sókè. Irú àpò bẹ́ẹ̀ ló kún inú tiwa náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba atẹ́gùn tuntun, tó sì ń da èyí tó ti lò nù. Nígbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn fèrèsé yàrá rẹ lóru, inú àwọn àpò yẹn ni èéfín rẹ̀ ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀. Gáàsì olóró kan wà nínú èéfín náà tí kò ní òórùn, tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ju atẹ́gùn tá a nílò. Ìdí nìyẹn tí odindi ìdílé fi lè sùn kí wọ́n má jí. Gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sílé, kódà bí òjò ń rọ̀.

Ní kí alápatà la ọkàn màlúù sí méjì fún ẹ. Yàrá mẹ́rin lo máa bá níbẹ̀, bíi ti èèyàn gẹ́lẹ́. Fi ìka méjì di ògiri yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì mú, kó o wá di ti ọ̀tún mú. Ti òsì nípọn jù ú lọ dáadáa. Apá ọ̀tún ò rìn jìnnà, ẹ̀dọ̀fóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ bá. Apá òsì ló gbọ́dọ̀ ti ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ, kó tún tì í dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà lára èèyàn fún ọdún púpọ̀ tí kò tọ́jú rẹ̀, ògiri apá òsì yìí á máa nípọn sí i nítorí iṣẹ́ àṣekúdórógbó, tó bá yá, agbára rẹ̀ á tán. Ohun tí dókítà ń sọ nìyẹn nígbà tó bá ní ọkàn màmá ti tóbi. Kì í ṣe pé ó ń yin màmá.

Màlúù ò jọ èèyàn níbi gbogbo o. Ikùn rẹ̀, níbi tí ṣàkì ti ń wá, pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Tiwa, ẹyọ kan ṣoṣo. Kíndìnrín rẹ̀ rí kókó-kókó. Tiwa ń dán, ti ewúrẹ́ ló jọ. Ọ̀rọ̀ kíndìnrín yìí gan-an ni mo pè ẹ́ fún.

Ẹ̀yìn ni méjèèjì wà, níbi tí egungun ìhà parí sí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ẹ̀ṣẹ́ rẹ lọ. Asẹ́ ni wọ́n. Nínú ẹyọ kan, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan asẹ́ tí ojú lásán ò lè rí ló wà níbẹ̀. Láàárín wákàtí 24, kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bíi lítà 180 omi látinú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ju kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méje lọ! Wọ́n á dá èyí tó pọ̀ jù padà sára, lítà kan sí méjì péré ló máa jáde bí ìtọ̀. Gbogbo ohun tó o bá gbé mì, àti ohun tó o fi pa ara, tó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ó máa gba iwájú wọn kọjá.

Wàyí o, gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ló ń ba kíndìnrín jẹ́ jù, gbogbo ayé ló ti gbọ́ ìyẹn. Èyí tí wọn kì í sọ fún wa ni ibuprofen àti diclofenac tá à ń jẹ bí ẹ̀pà. Wọ́n máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú kíndìnrín kù. Bí inú bá ń run ẹ́ nítorí nǹkan oṣù, tí ara rẹ le, tó o jẹun tó o sì lò ó fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kò burú. Àmọ́ kó o máa lò ó lójoojúmọ́ torí ẹ̀yìn ń dùn ẹ́, á-à, rárá. Ó tún ń dá egbò sínú ikùn.

Ìpara tó ń bó ara ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ gbọ́. Mẹ́kúrì wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn kì í sì í sábà kọ ọ́ sára ike. Ó ń gba awọ ara wọlé, kíndìnrín ló ń lọ jókòó sí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ojú tó mọ́lẹ̀ rokoṣo, ìtọ̀ tó ń hó yàà bí ọṣẹ: èwo lèrè ẹ̀?

Ẹ̀dọ̀ ò ní gba àkókò wa. Apá ọ̀tún ló wà, lábẹ́ egungun ìhà, ó lé ní kílò kan. Òun ló ń tú oògùn àti ọtí palẹ̀, àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ náà sì wà lára ẹrù rẹ̀. Parasítámọ́ọ̀lù tí gbogbo wa fọkàn tán, kó má ju hóró mẹ́jọ ti mílígíráàmù 500 lọ lọ́jọ́ kan fún àgbàlagbà. Wo ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn dáadáa kó o tó fi kún un, torí parasítámọ́ọ̀lù kan náà sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Ní ti ọgbẹ́ inú, má gbà fún ẹni tó bá ní ebi ló fà á. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé nínú ikùn wà lára ohun tó ń fà á jù. Dókítà Barry Marshall ní Ọsirélíà gbé omi tí kòkòrò náà kún inú rẹ̀ mu lọ́dún 1984 kí wọ́n lè gbà á gbọ́, inú rẹ̀ sì dà rú lóòótọ́. Òun àti Robin Warren, tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí náà, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005. Sọ fún dókítà pé o fẹ́ àyẹ̀wò kòkòrò yẹn, kó o yé ra oògùn funfun inú ìgò kiri.

Èyí tó kù, àwa obìnrin nìkan la ni ín. Ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ wa ń gbà jáde kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ti ọkùnrin tó 20. Tiwa sì tún súnmọ́ ihò ìdí. Kòkòrò inú ìfun wa fúnra wa ló sábà ń rìn kọjá síbẹ̀ tí àkóràn á fi ṣe wá, à wá ń bú ilé ìyàgbẹ́ ilé onílé. Láti iwájú lọ sẹ́yìn ni kó o máa nu ara. Má máa há ìtọ̀ mọ́ra. Lọ tọ̀ lẹ́yìn tí ìwọ àti ọkọ rẹ bá ti wà papọ̀. Ní ti ojú ara, inú rẹ̀ ń fọ ara rẹ̀. Àwọn kòkòrò rere kan ló ń ṣọ́ ọ, wọ́n sì jẹ́ kó kan díẹ̀ kí àwọn aburú má bàa ráyè. Álọ́ọ̀mù, ọṣẹ olóòórùn, ewé tí ìyá kan ń tà lọ́jà, gbogbo wọn ń pa ẹ̀ṣọ́ yẹn ni. Omi lásán ti tó, ìta nìkan.

Ká tó pínyà, ká padà sórí ẹ̀jẹ̀ ríru díẹ̀. Bí o bá lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kọ́kọ́ lọ tọ̀, torí àpò ìtọ̀ tó kún máa ń ti nọ́ńbà yẹn sókè. Jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, fẹ̀yìn ti àga, má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, gbé apá lé tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba. Nọ́ńbà òkè ni ti ìgbà tí ọkàn bá fún ẹ̀jẹ̀ jáde, ti ìsàlẹ̀ ni ti ìgbà tó bá sinmi. Tó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wá dókítà, má sọ pé orí ò fọ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ni kì í mọ nǹkan kan lára. Bí nọ́ọ̀sì bá sì fẹ́ máa bá ẹ tàkúrọ̀sọ nígbà tí ẹ̀rọ ń fún ẹ lápá, rẹ́rìn-ín sí i, má dá a lóhùn, torí ọ̀rọ̀ sísọ pàápàá ń gbé nọ́ńbà náà sókè.