Ṣé ìpàdé òǹkọ̀wé ọmọdé tó ohun tí à ń náwó sí?

Ìbéèrè: Ìwé ọmọdé ni mò ń kọ. Ṣé kí n náwó lọ sí ìpàdé SCBWI, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ìwé ọmọdé, àbí kí n jókòó sílé kí n máa kọ̀wé?

Ìdáhùn: Ẹ lọ. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àdáṣe; ẹgbẹ́ náà gan-an, Stephen Mooser àti Lin Oliver ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀ ní Los Angeles ní 1971. Ìwé alàwòrán sábà máa ń jẹ́ ojú ewé 32, àwòrán ló sì ń sọ púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀. Ẹni tó ń dá kọ ọ́ kì í tètè rí i pé aṣọ pupa tí ayàwòrán máa kùn lòun tún ń fi gbólóhùn mẹ́ta ṣàpèjúwe. Bí wọ́n bá kà á sókè níwájú ayàwòrán ní ìpàdé, kíá ni yóò hàn. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé wọ́n á jí èrò àwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà sọ ìtàn ni òǹtẹ̀wé ń rà, kì í ṣe èrò lásán. Ti owó ló ṣòro jù. Bí kò bá sí, ẹ wá òǹkọ̀wé méjì àti ayàwòrán kan nítòsí, kí ẹ máa pàdé lóṣooṣù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú iṣẹ́ tó ti parí dání.