Kí Ọmọ Má Bàa Bá Gbèsè Nílé

Ẹ̀kọ́ fún àwọn tọkọtaya tí ń retí ọmọ

Bí obìnrin kan nínú wa bá lóyún, ìròyìn ayọ̀ ni. Àwọn ìyá a máa gbàdúrà, àwọn ọ̀dọ́bìnrin a máa béèrè ìgbà tí aṣọ ẹbí yóò jáde. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọkọ àti ìyàwó máa ń bi ara wọn ní òru, nígbà tí kò sí ẹni tó ń gbọ́ wọn: “Èló gan-an la jẹ?” Nítorí òru yẹn ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ẹ jẹ́ kí ìnáwó ilé yín kéré kí owó tó ń wọlé tó kéré. Owó yóò dín kù nígbà tí ìyá bá jókòó ti ọmọ. Ẹni tó bá ti dín ìnáwó kù ṣáájú, tó sì fi ìyókù san gbèsè, kò ní bẹ̀rù ọjọ́ náà.

OPÓ KAN ÀTI ÀWỌN ỌMỌ RẸ̀ MÉJÌ

Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4, a rí opó kan tí ọkọ rẹ̀ kú tó fi gbèsè sílẹ̀. Olówó ń bọ̀ wá kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àwọn ọmọ náà ló yá owó. Ẹ tún kíyè sí i pé wòlíì Èlíṣà béèrè ohun tó wà nínú ilé obìnrin náà. Nígbà tí òróró sì ti pọ̀, ètò tó là sílẹ̀ fún un ṣe kedere: kí ó tà á, kí ó san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ máa fi ìyókù jẹun. Sísan gbèsè ló ṣáájú.

Àwọn baba ńlá wa náà mọ irú ìpọ́njú yìí. Nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ó ṣàlàyé bí ìwọ̀fà ṣe rí. Ẹni tó yá owó lè lọ máa ṣiṣẹ́ fún olówó, tàbí kí ó fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé. Kò dín ojú owó kù rárá. Bí ó bá sìn fún ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n yá ní ọjọ́ kìíní ló ṣì wà nílẹ̀.

Ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ irú rẹ̀ ṣì wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa.

OHUN TÍ A KÀ LÓRÍ ÌWÉ OWÓ

Ní 2010, mo lóyún àkọ́bí wa. Ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tí mo gbà nílé kò tíì fún mi láṣẹ láti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, nítorí náà olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni mí. Bàbá mi ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Kírẹ́díìtì káàdì la fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, òun náà la fi sin òkú. A jẹ $3,200 lórí káàdì náà, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. A tún jẹ ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ní $900.

Oṣooṣù là ń san bíi $90, ìyẹn iye tó kéré jù lọ tí wọ́n ní kí a san, a sì rò pé à ń san gbèsè. Òfin kan tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2009 ló là wá lójú. Láti oṣù kejì ọdún 2010, ó di dandan kí ilé-iṣẹ́ káàdì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé owó, iye ọdún tí gbèsè yóò gbà bí ènìyàn bá ń san iye tó kéré jù lọ nìkan. Ọkọ mi kà á sókè: ó lé ní ọdún mẹ́wàá. Mo fọwọ́ lé inú mi. Ọmọ tí a kò tíì bí yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí a tó san owó ìsìnkú bàbá àgbà rẹ̀ tán!

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nínú $90 yẹn, bíi $59 jẹ́ èlé. Bíi $31 péré ló ń dín ojú owó kù. Ìwọ̀fà ni wá, a kò kàn mọ̀ ni.

Ẹ wo ìwé owó tiyín lálẹ́ òní. Àkọlé náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì tún kọ iye tí ẹ lè máa san bí ẹ bá fẹ́ kó tán ní ọdún mẹ́ta.

Ẹ KỌ́KỌ́ MỌ ÌGBÀ TÍ OWÓ KÒ NÍ WỌLÉ

Òfin àpapọ̀ ti 1993 fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 12 láti fi tọ́jú ọmọ tuntun láìpàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ pé kí agbanisíṣẹ́ sanwó fún un. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló kàn: ilé-iṣẹ́ aládàáni gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ 50 ó kéré tán, òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti lo oṣù 12 níbẹ̀, kí ó sì ti ṣe wákàtí 1,250 láàárín ọdún kan. Ìpínlẹ̀ Texas kò fi dandan mú ilé-iṣẹ́ aládàáni láti san owó ìsinmi ìbímọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ejẹ́ńsì méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tètè béèrè, kí ẹ má rò pé ẹ ní ohun tí ẹ kò ní. Ẹ béèrè iye ọjọ́ ìsinmi olówó tí ẹ ti kó jọ. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá inṣọ́ránsì àìlera ìgbà díẹ̀ wà lórí orúkọ yín.

BÍ A ṢE GÉ E

Bí a bá rọra pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Odidi oṣù kan la fi kọ gbogbo ohun tí a rà sínú ìwé kékeré, títí kan omi inú ike. Lẹ́yìn náà la gé e báyìí, lóṣooṣù:

Oúnjẹ ọ̀sán tí à ń rà níbi iṣẹ́: láti $160 sí $20.
Aṣọ ẹbí àti ẹ̀bùn òde àríyá: láti $150 sí òfo.
Owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé: láti $300 sí $150.
Tẹlifíṣọ̀n olówó oṣù: láti $95 sí òfo.
Ìrìn-kiri ọjọ́ Sátidé ní Town East Mall: láti $65 sí òfo.
Káàdì ìpè tẹlifóònù: láti $80 sí $30.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ $650. Bí a bá fi $90 tí à ń san tẹ́lẹ̀ kún un, ó di $740. A ń fún ọ̀rẹ́ wa ní $150 lóṣù, a ń san $590 sórí káàdì. A kò sì fi káàdì náà ra ohunkóhun mọ́. Oṣù kẹfà ni a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oṣù kọkànlá fi parí, gbèsè méjèèjì ti tán, ó sì ku bíi $138 lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹ̀sùsú, ẹ bẹ olórí kí ó jẹ́ kí ẹ tètè gba tiyín, kí ẹ fi san gbèsè tó ní èlé. Àmọ́ bí ẹ bá ti gbà á, ẹ má ṣe dá owó dúró. Ẹrù ẹlòmíràn ni. Ẹ má sì ṣe gbé ìwé ọkọ̀ yín fún àwọn tí ń yáni lówó lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ wa ní Mesquite. Bí wọ́n bá gbà á, iṣẹ́ náà lọ nìyẹn.

Ohun tó nira jù láti gé ni owó ilé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sùn lé e kí n tó pe ìyá mi. Mo ní: “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, $150 ni n óò máa fi ránṣẹ́ títí n óò fi bímọ. Gbèsè òkú Bàámi la fẹ́ san.” Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní: “Kí ló dé tí o kò ti sọ fún mi? Ṣé owó àwìn la fi ra màlúù yẹn? Bí mo bá mọ̀ ni, màlúù náà kì bá tí kú.”

Ará, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ará ilé ń béèrè nítorí pé a kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ sọ iye owó fún wọn, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ìdínkù náà yóò parí. Ẹ má kàn dákẹ́ kí ẹ má gbé ìpè.

OHUN TÍ A KÌ Í GÉ

Níbí yìí, nọ́ọ̀sì ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe gé àyẹ̀wò aboyún nítorí owó. Ẹ má ṣe gé oògùn fólíìkì, tó yẹ kó tó máíkírógírámù 400 lójúmọ́, tàbí oúnjẹ gidi bí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́. Bí orí fífọ́ kò bá lọ, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tàbí tí ojú àti ọwọ́ wú lójijì, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí ọmọ bá dé, ẹ má ṣe bu omi lé mílíìkì alágolo ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ kó lè pẹ́. Ó léwu fún ọmọ.

Àwọn ohun mìíràn wà tí ọmọ kò nílò rárá. Orí ibùsùn tó tẹ́jú tó sì le díẹ̀ ni kí ọmọ máa sùn, kí ó dojú sókè, láìsí ìrọ̀rí tàbí tìmùtìmù. Òfin àpapọ̀ ti 2022 tilẹ̀ ti fòfin de títa tìmùtìmù ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ. Ẹ lè gba aṣọ àlòkù lọ́wọ́ ará ìjọ, ẹ má tijú. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ìjókòó ọmọ inú ọkọ̀ bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ó ti bá ọkọ̀ ní jàǹbá, ẹ má sì gba ibùsùn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Láti 2011 ni wọ́n ti fòfin de títa irú rẹ̀.

ÌRÀNLỌ́WỌ́ TÍ KÌ Í ṢE AGBE

Ètò WIC ń fún aboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní oúnjẹ, bí owó tó ń wọlé kò bá ju ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ lọ. Wọn kì í béèrè ìwé ìgbélùú. Bí ẹ kò bá ní inṣọ́ránsì, tí ẹ kò sì lè rí Medicaid gbà, ètò CHIP Perinatal ti Texas lè san owó àyẹ̀wò oyún àti ìbímọ fún ẹni tí owó rẹ̀ wà níwọ̀n. Àìní ìwé ìgbélùú kò dí i lọ́wọ́. Ẹ tẹ 2-1-1 lórí tẹlifóònù láti béèrè.

Òfin ìlera ti 2010 sọ pé ilé ìwòsàn tí kì í ṣe fún èrè gbọ́dọ̀ ní ìlànà ìrànlọ́wọ́ owó tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀, ẹ sì béèrè bí ẹ ṣe lè san díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó ronú láti gbé owó ìbímọ sórí káàdì. Ọpẹ́lọpẹ́ òfin kan náà, ọ̀pọ̀ inṣọ́ránsì ń san owó ẹ̀rọ tí a fi ń fún wàrà ọmú. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 sì ni Texas ti yọ owó orí ọjà kúrò lórí ìlédìí ọmọ, ìgò ìfúnlóúnjẹ àti aṣọ aboyún.

ILÉ LÀ Ń WÒ KÍ A TÓ SỌMỌ LÓRÚKỌ

Ẹ wo ohun tí a fi ń sọmọ lórúkọ: omi, oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare. Àwo kékeré kan gbà á. Gbọ̀ngàn, olórin àti kúlà ọtí la ń torí wọn jẹ gbèsè. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, inú pálọ̀ wa la ti sọ ọmọ wa lórúkọ, àwọn ènìyàn jókòó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹnì kan béèrè ìgbà tí òde gan-an yóò jẹ́. Ọkọ mi ní, “Òde náà nìyí.”

Mi ò ní purọ́ fún yín. Owó tí a fi pa mọ́ lẹ́yìn gbèsè kò tó ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì sunkún nínú ọkọ̀ lórí ọ̀nà 635. Ṣùgbọ́n owó oṣù tí mo gbà lẹ́yìn náà, ọmọ mi ló jẹ ẹ́. Kò sí olówó kankan tó dúró dè é.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Ǹjẹ́ ọkọ àti ìyàwó mọ gbogbo ohun tí ẹnì kejì jẹ? Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan ṣoṣo.
2. Nínú owó tí ẹ san ní oṣù tó kọjá, èló ni èlé, èló ló dín ojú owó kù?
3. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni owó ìyá kò ní wọlé? Ta lẹ ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́?
4. Ta nílé ló yẹ kí ẹ pè ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún?