Ẹ̀dà ìwé tó wà lábẹ́ òrùlé kan náà kò lè gba òwò là

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ àwọn ará Ayétòrò, létí òkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní ohun tí omi lè ṣe fún dúkìá. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947, tó lókìkí nígbà kan fún ọkọ̀ kíkàn, aṣọ híhun àti bàtà ṣíṣe, ni òkun ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá. Omi ti gbé ilé lọ, ó gbé ṣọ́ọ̀bù lọ, ó gbé ilé ẹ̀kọ́ lọ. Bí owó bá wà, ọjà tó bómi lọ ṣeé rà padà. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn onígbèsè sí ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ló mú kí àwọn bánkì máa tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn sí ibi méjì. Kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pa àkọsílẹ̀ owó oníbàárà mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní server, máa ń ní ìkejì níbòmíràn. Bí oníbàárà bá fi owó ránṣẹ́, ti àkọ́kọ́ yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìkejì. Bí iná bá jó ọ̀kan, ìkejì yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Ètò tó dára ni, àmọ́ nǹkan mẹ́ta ló lè bà á jẹ́.

Àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹ̀dà wà. Lọ́jọ́ kẹwàá, oṣù kẹta, ọdún 2021, iná sọ nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ OVHcloud ní ìlú Strasbourg, lórílẹ̀-èdè Faransé. Ilé mẹ́rin tí wọ́n kó server sí ló wà nínú ọgbà náà. Iná jó ọ̀kan kanlẹ̀, ó jó apá kan òmíràn, wọ́n sì ní láti pa gbogbo èyí tó kù. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan tí ẹ̀dà wọn wà nínú ọgbà yẹn pàdánù ojúlówó àti ẹ̀dà lẹ́ẹ̀kan náà.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ lápá etí òkun Abidjan, ní Côte d'Ivoire. Iṣẹ́ àwọn bánkì kan ní Nàìjíríà dojú rú. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà, ṣùgbọ́n bí gbogbo ọ̀nà ọjà bá gba orí afárá kan ṣoṣo, ọjọ́ tí afárá bá já, ọjà tú nìyẹn.

Ìkejì ni ọ̀nà jíjìn. Bí ibi méjèèjì bá súnmọ́ra, server àkọ́kọ́ lè dúró títí ìkejì yóò fi kọ tirẹ̀ tán kó tó sọ pé owó ti wọlé. Nǹkan kan kì í sọnù. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ìdúró yẹn ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń jẹ́ kí ẹ̀dà tẹ̀lé e lẹ́yìn díẹ̀. Ohun tí kò tíì dé ibi kejì nígbà tí àjálù bá dé ti lọ nìyẹn.

Ìkẹta ni àṣìṣe. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣèèṣì pa orúkọ kan rẹ́, kíá ni yóò parẹ́ níbi kejì náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dà àná àti ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá sọ́tọ̀, níbi tí àtúnṣe òní kò ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Oníṣòwò kékeré kò nílò server kó tó lo ọgbọ́n yìí. Ká ní ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ayétòrò ń ta àwìn fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìgbókòdá. Bó bá ya fọ́tò ìwé gbèsè rẹ̀ sínú fóònù, tí ìwé àti fóònù sì jọ wà nínú báàgì kan, bí ọkọ̀ bá dojú dé, méjèèjì ló lọ. Bó bá ń fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lálaalẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Òkìtìpupa, tó jìnnà sí òkun, àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ló lè sọnù. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń fi í ránṣẹ́, ti ọ̀sẹ̀ kan ni. Kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé: àwìn ọjọ́ mélòó ni owó mi lè gbà kó sọnù? Ìdáhùn ni yóò sọ iye ìgbà tí yóò máa fi ránṣẹ́. Kí ọmọ náà má sì ṣe pa àwọn fọ́tò àtẹ̀yìnwá rẹ́ nígbà tí tuntun bá dé.

Ó ku ìdánwò. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí oníṣòwò pa ìwé rẹ̀ dé, kó pe ẹni tí ẹ̀dà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó ní kó ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè àti iye tí oníkálukú jẹ. Bí fọ́tò bá ṣókùnkùn, tàbí tí ojú ìwé kan kò sí níbẹ̀, ọjọ́ yẹn ló yẹ kí wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀, kí omi tó dé.