Orí Keje: Ìtọ́jú Ajá Tó Ti Darúgbó

Ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà, tó gba Ògbà àti Agídíngbí kọjá, tó sì nà dé Agége, jẹ́ ibi tí ajá ti ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́. Láti òpin àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n ti ń ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tí a ó sì fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, ọgbà ńláńlá tí odi yí ká ti pọ̀ níbẹ̀. Nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tí ẹ̀rọ wọn ti dákẹ́ tipẹ́, máígàdí àti ajá ló sábà máa ń ṣọ́ ẹrù lóru. Àwọn kan ń lo ajá ńlá tí irú rẹ̀ wá láti ilẹ̀ òkèèrè, bí Alsatian, Rottweiler àti Boerboel. Àwọn mìíràn ń lo ajá ìbílẹ̀ tí ará Èkó ń pè ní ekuke, tàbí àdàlù àwọn méjèèjì. Orí yìí yóò ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí a tọ́jú irú ajá bẹ́ẹ̀ nígbà tí agbára rẹ̀ bá ti tán, tí kò lè gbó mọ́, tí ikú sì ti ń súnmọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbọ́ pé ọdún 1 ajá jẹ́ ọdún 7 ènìyàn, ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò tọ̀nà, nítorí pé ajá tó pé ọdún 1 ti lè bímọ, ohun tí ọmọ ọlọ́dún 7 kò lè ṣe. Ohun tó dájú ni pé bí ajá bá ṣe tóbi tó ni ogbó ṣe ń yára dé bá a: Boerboel tàbí Rottweiler tó ti pé ọdún 7 tàbí 8 ti di àgbà, nígbà tí ajá kékeré lè má fi àmì ogbó hàn títí yóò fi pé ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bluey, ajá kan ní Ọsirélíà tó ń da màlúù àti àgùntàn, lo ọdún 29 láyé kó tó kú ní ọdún 1939, ṣùgbọ́n irú ẹ̀mí gígùn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi.

Àmì ogbó gan-an kò pọ̀. Irun imú àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ a funfun, ẹyinjú a ṣú díẹ̀, etí a di, ajá a sì máa sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ajá máa rù, kí ó máa tiraka láti dìde, kí ó máa mí hẹlẹhẹlẹ ní òwúrọ̀ tútù, tàbí kí ó kọ oúnjẹ, àìsàn ni gbogbo ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó yí i ká máa ń wí pé ó ti darúgbó ni, tí wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Gbólóhùn kékeré yẹn ti dí ọ̀nà ìwòsàn mọ́ ajá púpọ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni ibà eégbọn. Eégbọn ni kòkòrò kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ awọ ajá, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó sì lè kó kòkòrò àìfojúrí sínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí wọ̀nyí, tí àwọn dókítà ń pè ní Babesia, máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, ìyẹn apá ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara. Ó máa ń rẹ ajá tí èyí bá ṣe, èrìgì rẹ̀ a funfun, ìtọ̀ rẹ̀ sì lè pọ́n tàbí kó ṣú, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ lè wò ó sàn. Bákan náà ni abo ajá àgbà tí a kò yọ ilé-ọmọ rẹ̀ ṣe lè ní ọyún nínú ilé-ọmọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí àkókò tó ń wá akọ bá kọjá; yóò máa mu omi púpọ̀, ikùn rẹ̀ lè wú, bí dókítà kò bá sì tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó lè kú láàrin ọjọ́ díẹ̀.

Dókítà ẹranko ni ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ìwòsàn ẹranko ní yunifásítì, tí Veterinary Council of Nigeria, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà, sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará Agége mọ dókítà ẹranko jù ní ilé ìpẹran Oko-Ọba, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹran màlúù wò kó tó dé ọjà, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ajá wà nínú ẹ̀kọ́ wọn, ilé ìwòsàn ẹranko aládàáni sì wà ní Ìkẹjà. Bí ọ̀rọ̀ bá le ju agbára wọn lọ, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta.

Ìrora ló yẹ kí a kọ́kọ́ bójú tó. Oríkèé, ìyẹn ibi tí egungun méjì ti pàdé, máa ń gbó: ohun yíyọ̀ tó bo orí egungun a tán, egungun a sì máa ha egungun. Ajá kì í sábà ké nítorí irú ìrora yìí. Yóò kàn máa lọ́ra láti dìde, yóò máa lá ojú kan ṣáá, tàbí kí ó máa yẹra fún àtẹ̀gùn tó ti ń gùn tẹ́lẹ̀. Oògùn wà fún un, bíi carprofen àti meloxicam, tí dókítà máa ń pín gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ara ajá bá ṣe rí. Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ni kí ó lọ ra oògùn ara ríro ti ènìyàn ní kẹ́míìsì fún ajá. Ibuprofen àti diclofenac máa ń dá egbò sí inú ajá, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́, èyí tí í ṣe ẹ̀yà ara tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Paracetamol tó bá pọ̀ jù sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Inú rere ni wọ́n sábà fi ń fún un, ṣùgbọ́n májèlé ni lára ajá.

Ibi tí ajá ń sùn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì lásán, nítorí ilẹ̀ líle ló ń dá egbò sí ìgbọ̀nwọ́, ìbàdí àti èjìká, níbi tí egungun ti súnmọ́ awọ. Fóòmù àtijọ́, tàbí páálí tí a tò lé ara wọn ní ìpele púpọ̀, ti tó, bí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbàkígbà tó bá tutù. Ajá tí kò lè yí ara rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò máa yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ní wákàtí 3 sí 4, tí yóò nu ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kúrò lára rẹ̀, tí yóò sì jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ, nítorí pé eṣinṣin kì í pẹ́ yé sí irun tó tutù, ìdin a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara rẹ̀ láàyè. Eṣinṣin mìíràn tún wà ní gúúsù Nàìjíríà tó máa ń yé sórí iyanrìn tó ní òórùn ìtọ̀, tí ìdin rẹ̀ ń gbẹ́ wọnú awọ ajá tó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tí ibẹ̀ a sì wú bí eéwo.

Ooru náà ń pa arúgbó ajá. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn, àfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń lé ooru jáde, nítorí náà, abẹ́ páànù tó kéré àti ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ibi tó yẹ kí ó wà ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta. Ní ti oúnjẹ, ìrẹsì rírọ̀, ẹyin sísè àti ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ sàn fún un ju ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata lọ. Kí ó má sí iyọ̀ tàbí magí níbẹ̀, kí ó má sì sí àlùbọ́sà rárá, nítorí àlùbọ́sà máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa ajá. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́ ni kí a máa fún un.

Arúgbó ajá tí etí rẹ̀ ti di lè gé ènìyàn jẹ bí a bá dé bá a lójijì, nítorí náà iwájú ni kí a máa gbà lọ bá a. Òmíràn lè máa rìn yípo lóru tàbí kí ó dúró máa wo ògiri, nítorí ọpọlọ ajá náà máa ń gbó. Ṣùgbọ́n ìyípadà ìwà lè jẹ́ dìgbòlugi pẹ̀lú, àrùn ọpọlọ tí itọ́ ajá ń gbé wọ ara ẹni tó bá gé jẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran iye tó tó 99 nínú 100 wọn. Ogbó kò yọ ajá kúrò nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, àfi bí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ajá bá gé jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí a sì so ajá náà mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 10, kí a máa ṣọ́ ọ, dípò kí a sáré pa á.

Ìṣòro tó le jù ní àgbègbè yìí ju ti oògùn lọ: ta ni olówó ajá? Ajá inú ilé ní ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ti ilé-iṣẹ́ jẹ́ ti gbogbo òṣìṣẹ́, gbogbo wọn sì lè yẹjú. Owó oúnjẹ rẹ̀ máa ń wà nínú ìwé ìnáwó níwọ̀n ìgbà tó bá ń gbó. Nígbà tí kò bá gbó mọ́, wọ́n lè ra òmíràn, kí wọ́n sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún máígàdí, ẹni tí owó oṣù tirẹ̀ gan-an kò tó o jẹ. Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ṣùgbọ́n ajá tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá nítorí iṣẹ́ kò ní ọmọ kankan tí yóò fún un lọ́mú. Ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ra ajá kọ orúkọ ẹnì kan pàtó sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́ rẹ̀, kí ó sì ya owó ìtọ́jú ọjọ́ ogbó sọ́tọ̀ kí ajá náà tó wọ gétì.

Láti mọ ìgbà tí ìtọ́jú kò ran ajá lọ́wọ́ mọ́, Alice Villalobos, dókítà ẹranko ará Amẹ́ríkà, ṣe òṣùwọ̀n kan tó wúlò níbi gbogbo. Nǹkan 7 ni a ń wò: ìrora, oúnjẹ, omi, ìmọ́tótó, inú dídùn, agbára láti rìn, àti bóyá ọjọ́ tó dára pọ̀ ju èyí tí kò dára lọ. A ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 10. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju 35 lọ, ìtọ́jú lè tẹ̀ síwájú. Ẹni tí ìṣirò kò bá yá lára lè máa sàmì sí kàlẹ́ńdà lálaalẹ́, àmì kan fún ọjọ́ rere, òmíràn fún ọjọ́ búburú, kí ó sì mú un lọ fi han dókítà.

Bí ọjọ́ búburú bá borí, àwọn kan a ta ajá fún oníṣòwò ẹran ajá, èyí tí wọ́n ń pè ní 404 nígboro. Ìwà tí kò bójú mu ni, ó sì léwu, nítorí oògùn lè kù nínú ẹran náà, ẹni tó bá sì pa ajá tó ní dìgbòlugi lè kó àrùn náà láti ara itọ́ rẹ̀. Kò sì ṣe é fi Ògún, òrìṣà tí wọ́n ń fi ajá bọ, bojú, nítorí ètùtù yàtọ̀ sí òwò. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí dókítà kọ́kọ́ fún ajá ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú kí ara rẹ̀ balẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó fún un ní oògùn akunilóorun tó pọ̀ ju ti iṣẹ́ abẹ lọ, tí ọpọlọ àti ọkàn yóò fi dúró láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí ìrora. Ojú rẹ̀ lè má pàdé, ó sì lè tọ̀ lẹ́yìn ikú. Ìyẹn kò fi hàn pé ó jìyà. Ẹni tó bá gbà pé Ọlọ́run nìkan ló lè gba ẹ̀mí lè ní kí dókítà máa bá oògùn ìrora lọ títí dé òpin, ṣùgbọ́n kí ó má fi ajá náà sílẹ̀ nínú ìrora.

Oògùn akunilóorun tó pa ajá náà kì í kúrò nínú òkú, ó sì lè pa ajá tàbí igún tó bá jẹ ẹ́. Nítorí náà, inú ilẹ̀ tó jìn tó mítà 1, tó sì jìnnà sí kànga àti borehole, ni kí a sin ín sí. Òkú ajá kò gbọ́dọ̀ dé inú gọ́tà tàbí kánààlì. Níbi tí sìmẹ́ńtì bá ti bo gbogbo ọgbà, kí a bá dókítà ṣètò ibi tí òkú yóò lọ kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹni tó bá sì ní ajá tó ti lé ní ọdún 7, kí ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò nínú oṣù yìí, kí ó mú ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání.