Ọ̀rinrin Inú Ilé àti Ibi Tí Omi Ń Gbà Wọlé

Lẹ́yìn tí òjò bá ti dá, tí oòrùn sì ti yọ, ọ̀pọ̀ ilé ni kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ògiri a dúdú, ẹfun tí a fi kùn ún a máa bó, aṣọ inú àpótí a bu, òórùn rẹ̀ a sì gba yàrá kan. Onílé a pe bíríkìlà, wọn a po símẹ́ńtì, wọn a rẹ́ ògiri náà títí yóò fi dán. Kí òjò ọdún kejì tó parí, àpá dúdú náà ti tún jáde, ó sì ti gòkè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Owó ti lọ, ọ̀rinrin kò lọ. Ojú ibi tí omi ti ń jáde ni wọ́n dí. Wọn kò wá ibi tí ó gbà wọlé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi ń gbà dé ara ògiri. Ó lè ti inú ilẹ̀ gòkè, ó lè jẹ́ ti òjò, ó sì lè jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ yàrá fúnra rẹ̀ ni ó ti ń sẹ̀ bí ìrì. Ìtọ́jú ọ̀kan kì í ṣe ìtọ́jú èkejì.

Ẹni tí ó bá ti rí bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo sókè ti mọ bí ilẹ̀ ṣe ń fún ògiri lómi. Àwọn ihò tín-ín-tìn-tín inú òwú ni epo ń gbà gòkè. Amọ̀, bíríkì àti búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì pàápàá ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Àmì rẹ̀ ni ìlà dúdú tí ó yí ẹsẹ̀ ògiri ká, tí kì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, tí iyọ̀ funfun bí ìyẹ̀fun sì máa ń hàn létí rẹ̀ lókè. Omi ni ó gbé iyọ̀ náà ti inú ilẹ̀ wá. Nígbà tí omi gbẹ, iyọ̀ kù.

Níbi tí ewu gbé pọ̀ jù ni ilé amọ̀ tí a fi símẹ́ńtì rẹ́ lára. Ògiri amọ̀ lásán a máa mu omi, a sì máa tú u sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ nígbà tí oòrùn bá ràn. Símẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi jáde bẹ́ẹ̀. Amọ̀ àti símẹ́ńtì kì í sì í wú pọ̀, wọn kì í sì í sún kì pọ̀. Nítorí náà ìrẹ́lé náà a pẹ́ a yá, a sán. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n omi a máa ṣáájú aláǹgbá wọlé. Bí ó bá ti wọlé, kò rí ọ̀nà jáde mọ́, amọ̀ a sì máa rọ̀ lẹ́yìn símẹ́ńtì tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ lè wó lóru lórí àwọn tí ó sùn láìfi àmì púpọ̀ hàn. Kí onílé fi ìka kan ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀: bí ó bá dún bí igbá òfìfo, ìrẹ́lé ti kúrò lára amọ̀. Kí ó ṣí i kúrò, kí ó jẹ́ kí ara ògiri gbẹ dáadáa, kí ó sì fi amọ̀ tí a po mọ́ yanrìn tún un rẹ́.

Ti òjò kò le láti mọ̀. Etí òrùlé tí kò yọ jáde tó ẹsẹ̀ bàtà 2 ń jẹ́ kí òjò lu ògiri, ọ̀sọ̀rọ̀ a sì máa ta ẹrẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́, àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ àgbàlá lọ títí ìpìlẹ̀ ilé fi yọ síta. Ní Ilé-Ifẹ̀, kí ọdún 1500 tó dé ni àwọn baba ńlá ti ń fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá, tí wọ́n tò ó ní ìdúró kí ó lè le. Lónìí, òkúta tàbí kọnkéré tí ó dagun kúrò lára ògiri yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Omi balùwẹ̀ àti àmù tí ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kò sàn ju òjò lọ, nítorí àwọn kì í dá.

Ẹ̀kẹta ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù. Ní òwúrọ̀ kùtù, omi a máa kán láti ara páànù sórí ẹní, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀. Onílé a ní páànù ti lu, a pe káfíńtà kí ó wá fi ọ̀dà dí ojú ìṣó. Páànù kò lu. Bí omi ṣe ń sẹ̀ sára ọmọrí ìkòkò ni ó ṣe sẹ̀ sára páànù. Èémí àwọn tí ó sùn, oúnjẹ tí a sè àti aṣọ tútù tí a sá sínú ilé ni ó kó omi náà sínú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná dé ìwọ̀n 30 Celsius lè gba nǹkan bí gíráàmù 30 omi nínú mítà 1 níbùú, lóròó àti ní gíga. Bí ó bá tutù dé ìwọ̀n 20, nǹkan bí 17 ni ó lè gbà, ìyókù a di ìrì. Páànù sì ń tutù kíákíá lóru ju òrùlé koríko lọ. Àjà lábẹ́ páànù àti ihò afẹ́fẹ́ lókè ògiri ni oògùn rẹ̀. Fèrèsé tí a dì pa nítorí òtútù ń pa kún ìrì náà ni. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí aṣọ bíbu: ní ọdún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìwé síta pé ikọ́, ikọ́ fée àti àwọn àrùn èémí mìíràn wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tí ń gbé inú ilé tí ó rin, tí ara rẹ̀ sì bu.

Bí ọkàn onílé kò bá dá a lójú, kí ó lẹ ọ̀rá tí a lè rí òdìkejì rẹ̀ mọ́ ara ògiri, kí ó dí etí rẹ̀ yíká, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, níbi tí ó kan ògiri, inú ògiri ni ó ti wá. Bí ó bá wà lójú ọ̀rá tí ó kọ sí yàrá, afẹ́fẹ́ ilé ni.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé ní àǹfààní ju gbogbo wọn lọ. Kí ó gbé ìpìlẹ̀ olókùúta ga kúrò nílẹ̀, kí ó sì tẹ́ ọ̀rá nípọn sórí rẹ̀ kí ògiri tó bẹ̀rẹ̀. Owó ọ̀rá náà kò tó nǹkan. Ẹni tí ilé tirẹ̀ ti wà nílẹ̀, kí ó dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ó kọ́kọ́ la ojú àgbàrá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kí ó kó eérú àti ilẹ̀ tí ó gorí ẹsẹ̀ ògiri kúrò, kí ó sì jẹ́ kí oòrùn oṣù méjì ràn sí i kí ó tó pe bíríkìlà.